Otonba Payne àti Ìwé Ọjọ́ Wa: Bí Yorùbá Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Tí Nǹkan Ṣẹlẹ̀

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ìbéèrè kan wà nílé ẹjọ́ tí kì í rọrùn fún ẹlẹ́rìí láti dáhùn: ọdún wo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀? Ó lè jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀, ó lè jẹ́ ẹjọ́ ogún, ó lè jẹ́ ti ẹrú tí ó ní òun ti ra ara òun padà. Ọdún ni adájọ́ ń fẹ́ gbọ́, ó sì ń fẹ́ oṣù pẹ̀lú bí ó bá ṣeé ṣe. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ dá ẹlẹ́rìí lójú. Ó mọ àwọn tí ó wà níbẹ̀, ó mọ iye owó ẹyọ tí wọ́n kà sílẹ̀, ó mọ igi tí wọ́n fi ṣe ààlà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kan ọdún, ohun tí yóò sọ ni pé ogun Agídìngbì kò tíì jà nígbà náà, tàbí pé Ọba Kòsọ́kọ́ ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́, tàbí pé ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ já òun lẹ́nu ọmú ni nígbà tí Ọba Akítóyè padà dé láti Àgbádárìgì. Ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́, adájọ́ á wo akọ̀wé lójú.

Akọ̀wé náà ni John Augustus Otonba Payne. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1839, láàrin àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú àti àwọn ọmọ wọn. Ó wà lára àwọn Sàró tí ó padà wá sílẹ̀ baba wọn, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì gòkè títí ó fi di akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ gíga. Ìta Tinúbú ni ilé rẹ̀ wà, ilé tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Orange House. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jókòó nílé ẹjọ́ tí ó ń kọ ẹ̀rí àwọn ènìyàn sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ àti ohun tí adájọ́ ń bèèrè dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ó ṣe sí ọ̀rọ̀ náà ni pé ó kọ ìwé. Ní 1893 ó tẹ ìwé kan jáde ní Èkó, tábìlì tí ó to àwọn ohun pàtàkì inú ìtàn Yorùbá sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún wọn. Ó sọ ọ́ gbangba lójú ewé àkọ́kọ́ pé ìlò ilé ẹjọ́ ni òun torí rẹ̀ ṣe é, ó sì fi kún un pé àwọn nǹkan mìíràn tí gbogbo ayé yóò fẹ́ mọ̀ tún wà níbẹ̀. Ìwé yìí ni yóò ran akọ̀wé lọ́wọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ ogun Agídìngbì di 1851, kí ó sì sọ ìgbà tí Kòsọ́kọ́ kúrò ní Ẹ̀pẹ́ di 1862. Samuel Johnson kò tíì parí iṣẹ́ ńlá tirẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1897 ni ó parí rẹ̀, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi rán sí Lọ́ńdọ̀nù, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ dókítà Obadiah ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, 1921 ni ó tó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí Akinyele kọ jáde ní 1911, ìtàn Èkó tí Losi kọ jáde ní 1914. Ẹ̀yìn Payne ni gbogbo wọn dé. Ó dùn mí pé a máa ń pe orúkọ àwọn yòókù yìí dáadáa nígbà tí a bá ń ka àwọn tí ó kọ ìtàn wa sílẹ̀, tí a sì máa ń fo tirẹ̀ dá.

Mo rò pé ìdí tí a fi ń fò ó ni pé kò sọ ìtàn. Ó kàn to ọjọ́ ni. Kò sí akọni nínú tábìlì rẹ̀ tí yóò sọ̀rọ̀ fún ojú ewé mẹ́ta, kò sí ogun tí a ó máa gbọ́ ìró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀rí òun àti ti ẹnì kejì bá ara wọn mu. Obìnrin tí ó ń ta ẹja ní Fàájì kò ní ìtàn àwọn ọba láti fi gba ilẹ̀ baba rẹ̀ padà. Ọjọ́ ni ó nílò.

Àwọn òyìnbó kan tí ó wà ní Èkó nígbà náà gbà pé ẹni tí kò lè sọ ọdún kò mọ àkókò. Ẹni tí ó bá wo ọjà wa yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá: ọjọ́ Ọ̀ṣẹ̀ tí í ṣe ti Òrìṣàńlá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Ọrún ni a ń pè é nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: bí mo bá ná ọjà lónìí, tí mo sì ka òní sí ọ̀kan, ọjọ́ karùn-ún ni n óò tún ná an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ìsán ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, tí ìtàdógún ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Orí ìkà yìí ni àwọn ìlú tí ó wà nítòsí ara wọn pín ọjọ́ ọjà wọn lé kí ọjà kan má baà pa èkejì. Orí rẹ̀ ni ẹ̀súsú ń lọ. Orí rẹ̀ ni a ń dá ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ òkú. Obìnrin aláròóbọ̀ tí ó ń ná ọjà mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta ń ṣe ìṣirò yìí lórí lójoojúmọ́ láìṣìnà.

Ohun kan wà níhìn-ín tí mo fẹ́ kí olùkàwé fara balẹ̀ wò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje dé láti ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí, tí àwọn Onígbàgbọ́ sì tún tẹ̀lé e, kò lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin lọ. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Mẹ́rin lọ́nà méje jẹ́ 28, nítorí náà ọjọ́ Ògún kan tí ó bọ́ sí Ọjọ́ Ajé kò ní í tún bọ́ sí Ọjọ́ Ajé títí ọjọ́ 28 yóò fi pé. Bí ìyá àgbà bá sọ pé ọjọ́ tí ọmọ òun kú, ọjọ́ ọjà ìlú wa ni, ó sì tún jẹ́ Jímọ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ lásán o. Nínú odidi ọdún kan, bíi mẹ́tàlá péré ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tún sọ pé iṣu tuntun ti jáde, ó ku ẹyọ kan tàbí méjì. Akọ̀wé tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe lè ti ibẹ̀ mú ọjọ́ gan-an jáde.

A tún ń fi ọjọ́ pamọ́ sínú orúkọ. Abíọ́dún ni a bí nígbà ọdún, Abíógun ni a bí nígbà ogun, Abọ́sẹ̀dé bá ọ̀sẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá mọ ogun tí ó jà ní ìlú Abíógun ti sún mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn ogun náà kò sì ṣòro láti dá mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, nítorí a fún olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀. Kírìjì gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìró ìbọn ńlá. Agídìngbì náà, ìró ìbọn inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni.

Kí Payne tó kọ tábìlì yẹn, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ó jọ ọ́. Láti 1874 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àlímánáàkì kan jáde fún Èkó àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọdọọdún ni ó sì ń jáde. Kàlẹ́ńdà wà nínú rẹ̀, ojú ewé tí ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí wà níbẹ̀, ó to orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò Èkó sílẹ̀, ó sì sọ nípa àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ rántí bí Èkó ṣe rí nígbà náà. Ní 1874 yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì so Èkó mọ́ ilẹ̀ Gold Coast, tí ó di pé ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ń gbé, ọ̀rọ̀ náà kò sì dára títí 1886. Anglo-African tí Robert Campbell dá sílẹ̀ ní 1863 ti dákẹ́. Ìwé Ìròhìn Abẹ́òkúta ti parẹ́ láti 1867. Richard Beale Blaize kò tíì bẹ̀rẹ̀ Lagos Times, 1880 ni ìyẹn. Ní gbogbo àárín ìgbà yìí kò sí ìwé ìròyìn kan tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó, àlímánáàkì Payne sì ń jáde. Ìlú tí wọ́n ń ti òkèèrè ṣàkóso rí orúkọ ara rẹ̀, iṣẹ́ ara rẹ̀ àti ọjọ́ ara rẹ̀ nínú ìwé tí ọmọ Ìjẹ̀bú kan ń ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo pè é, òun náà kò sì fi pamọ́. Payne ni orúkọ tí ó bá a ti Sierra Leone wá, ṣùgbọ́n Otonba wà láàrin orúkọ rẹ̀ lójú ìwé rẹ̀, oyè tí àwọn Ìjẹ̀bú ń fún ẹni tí ó wá láti ìdílé ọba. Èyí wà ṣáájú kí àwọn Sàró tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa orúkọ òyìnbó tì lọ́pọ̀lọpọ̀, tí David Vincent fi di Mojola Agbebi ní 1894. Mo ka èyí sí pàtàkì. Ẹni tí ó ń to àkókò àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nílò láti mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí kò padà wá náà ní kàlẹ́ńdà tiwọn. Ní Cuba, wọ́n fipá mú àwọn Yorùbá tí a ń pè ní Lukumí láti máa ṣe ọdún àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì, wọ́n sì fi àwọn òrìṣà wọn sínú àwọn ọjọ́ náà. Ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀pẹ ni ọjọ́ Santa Bárbara, ẹni tí àwọn Kátólíìkì máa ń ké pè nítorí àrá, ọjọ́ náà sì di ti Ṣàngó. Ọjọ́ 8 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ jẹ́ ti Ọ̀ṣun, ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ jẹ́ ti Ọbalúayé, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń rìn lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana, tí àwọn mìíràn ń fi eékún wọ́ lórí ilẹ̀ láti san ẹ̀jẹ́. Tí ọdún bá sì ti fẹ́ parí, àwọn babaláwo Cuba á péjọ, wọ́n á dá Ifá fún ọdún tí ó ń bọ̀, wọ́n á mọ odù tí yóò ṣe olórí rẹ̀ àti òrìṣà tí yóò darí rẹ̀, wọ́n á sì kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ìlú. Àlímánáàkì ni ìyẹn náà.

Ní Bàhíà ní Bràsíìlì, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Òrìṣàńlá, aṣọ funfun sì ni àwọn olùsìn ń wọ̀ ní ọjọ́ náà di òní. Ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn Yemọja wọ òkun ní Rio Vermelho. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, àwọn obìnrin a wọ funfun, wọ́n a ru omi lọ fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim. Àwọn Àgùdà tí ó padà sílé láti Bràsíìlì gbé ọdún Bonfim yìí padà wá sí etí òkun wa, títí di òní ni wọ́n sì ń ṣe é ní Àjàṣẹ́ ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Ọjọ́ kan náà ti rékọjá òkun lẹ́ẹ̀mejì.

Payne fẹ̀yìn tì ní 1899, ó kú ní 1906. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ilé ẹjọ́ kò tẹ̀lé e lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹẹrẹ 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn òbí sì kó ọmọ lọ sílé ìwé lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ọ̀pọ̀ ìyá kò ní ìwé ìbí láti fi hàn. Olùkọ́ á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá kí ó fi di etí òsì mú. Bí ọwọ́ bá tó etí, ó ti tó ilé ìwé. Bí kò bá tó, kí ó padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún nílẹ̀ Yorùbá ni ó mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó bá sì di pé kí a kọ ọjọ́ ìbí sínú rẹ́jísítà, olùkọ́ á bi ìyá léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bí ọmọ náà. Ẹlòmíràn á ní ọdún méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí ọ̀sán dòru ni. Òṣùpá ló bo oòrùn lọ́jọ́ 20 oṣù Èbìbí 1947, kò sì sí ẹni tí ó rí i tí ó gbàgbé. Ti àwọn àgbà tí ó ti dàgbà nígbà náà, ogun Adùbí tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba jà ní 1918 ni wọ́n ń fi sọ tiwọn, tàbí àjàkálẹ̀ àrùn tí ó pa ènìyàn bí ẹni ń gé koríko lọ́dún yẹn kan náà. Bí kò bá sí ohun tí ìyá rántí, olùkọ́ á kọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí ní ọjọ́ ọdún tuntun fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn lọ sílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n búra fún ọjọ́ orí wọn, akọ̀wé sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Iṣẹ́ Payne ni akọ̀wé yẹn ń ṣe.

Àwọn alájọ náà ní àlímánáàkì tiwọn. Káàdì àjọ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ojú 31, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù, alájọ á sì fi àmì sí i bí owó bá ti wọlé. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni ti alájọ. A ṣì ń sọ fún ẹni tí iyè rẹ̀ bá jí pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ọkùnrin tí ó ń gba àjọ lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn tí àwọn ènìyàn sì gbà pé kò nílò láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó mọ iye tí olúkúlùkù dá.

Àwọn àlímánáàkì ara ògiri tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú ń ṣe, èmi kì í kà wọ́n sí ohun ọ̀ṣọ́. Ọba ìlú á wà lókè pẹ̀lú adé rẹ̀, alága àti akápò á tẹ̀lé e, ìyálóde ẹgbẹ́ á wà níbẹ̀, orúkọ olúkúlùkù á sì wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni oṣù méjìlá wà, tí wọ́n sì máa ń fi ọjọ́ ìpàdé àti ọjọ́ ọdún ìlú sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe é, mọ́sálásí ń ṣe é, ẹbí ń tẹ ti òkú àgbà pẹ̀lú ọjọ́ tí a bí i àti ọjọ́ tí ó lọ. Ọdún á parí, àlímánáàkì kò ní í kúrò lára ògiri, nítorí ènìyàn ni a fi sí i. Mo ti wọ ilé tí ti ogún ọdún ṣì wà lára ògiri, tí bàbá onílé sì ń fi ìka tọ́ka sí àwọn tí ó ti kú nínú àwọn ìgbìmọ̀ náà, tí ó ń sọ ẹni tí ó ra ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú àti ẹni tí ó ṣe ọ̀nà wọlé. Kò sí ibòmíràn tí a kọ orúkọ wọn sí. Bí wọ́n bá kun ilé náà tí wọ́n sì ya ìwé yẹn dànù, ìtàn àdúgbò yẹn ti lọ.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú kí a to ìtàn sórí ọjọ́ dípò kí a to ó sórí àwọn ọba. Ó máa ń fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn níbi tí a kò rò. Ẹ jẹ́ kí a gba inú ọdún kan kọjá díẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1852 ni Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì láti fòpin sí òwò ẹrú ní Èkó. Ọjọ́ 4 oṣù yẹn kan náà ní 1843 ni ajíhìnrere Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ wá wo oṣù Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ 3 oṣù yìí ní 1851 ni ogun Dàhòmì dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àwọn obìnrin jagunjagun wọn, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà 1864 ni wọ́n tún wá, tí wọ́n tún lé wọn. Ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà 1862 ni Ìbàdàn kó Ìjàyè. Oṣù kan ṣoṣo, ogun mẹ́ta tí ó yí ilẹ̀ wa padà. Bí a bá ka ìtàn àwọn ìlú wọ̀nyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a kò ní í ṣàkíyèsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá jọ wà lójú ewé kan, ènìyàn á rí i pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń parí lọ. Odò ti fà, ẹsẹ̀ lè là á já, ìkórè ti wọ àká, àwọn ọmọ ogun kò tíì ní oko láti ro. Tí òjò ńlá bá wá bẹ̀rẹ̀, ogun á ní láti padà sílé. Ọba Dàhòmì mọ kàlẹ́ńdà yìí bí àgbẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ 7 oṣù Igbe 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon gba ọmọdékùnrin kan tí wọ́n kó ní Òṣogùn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú Potogí. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 1892, ọjọ́ 19, ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmágbọn. Ìbọn tí ń yìn léraléra ni wọ́n fi ṣẹ́gun. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé Payne jáde, n kò sì lè kọ ọdún méjèèjì yìí tẹ̀lé ara wọn kí n má ronú nípa ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń fún ìjọba yẹn ṣiṣẹ́.

Oṣù Òkúdù jẹ́ ti ẹ̀kọ́: ọjọ́ 6 oṣù yìí ní 1859 ni Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Ọjọ́ 29 oṣù kan náà ní 1864 ni wọ́n fi Àjàyí Òṣogùn yẹn, Samuel Crowther, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Oṣù yìí náà ni ọdún Ifá ń pe àwọn babaláwo láti gbogbo ayé wá sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ifẹ̀. Ti ìdìbò ọjọ́ 12 rẹ̀, ní 1993, kò sí ẹni tí mo ní láti sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ 6 oṣù Ògún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọkọ̀ ogun hàn án. Ọjọ́ 23 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1886 ni wọ́n kéde àlàáfíà ní ibùdó Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í túká lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́jọ. Samuel Johnson àti Charles Phillips ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì. Látọ̀ọ́sà, olórí Ìbàdàn, kò rí ọjọ́ náà, ó ti kú sí ibùdó ní ọdún tí ó ṣáájú.

Ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà 1867 ni Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta. Inú bí àwọn Ẹ̀gbá sí ohun tí ìjọba Èkó ń ṣe, wọ́n fọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó, ilé ìtẹ̀wé bá a lọ. Ọjọ́ 31 oṣù náà ní 1959, Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́, ilé tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Oṣù Ọ̀pẹ ni ó wú mi lórí jù. Ọjọ́ 3 rẹ̀ ní 1859 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta, 120 owó ẹyọ ni ènìyàn ń fi ra ọ̀kan. Ọjọ́ 26 rẹ̀ ní 1851, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbọn bo Èkó, ogun Agídìngbì tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dárúkọ nílé ẹjọ́ Payne. Ọjọ́ 31 rẹ̀ ní 1891 ni Crowther kú ní Èkó, ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin lẹ́yìn tí wọ́n gbé e kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú. Ó ti kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá láti 1843, ó ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún kejì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni tábìlì Payne dé ọwọ́ àwọn adájọ́.